Ta Ló Ni Iwájú Ilé ní Bódìjà?

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá Housing Corporation sílẹ̀ lọ́dún 1958, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ Bódìjà ní Ìbàdàn sí pulọ́ọ̀tì, àwọn tí wọ́n ní lọ́kàn ni ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI) tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948, dókítà ní ilé ìwòsàn UCH tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957, lọ́yà, àti oníṣòwò tó ti rí jájẹ. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọgbà tó fẹ̀, ó ní BQ lẹ́yìn, ó sì ní àyè ọkọ̀ kan tàbí méjì. Títì tó gba iwájú ilé kọjá, wọn ò là á fún ọkọ̀ tó máa dúró sójú kan. Ọkọ̀ tó ń wọlé àti ọkọ̀ tó ń jáde ni wọ́n là á fún. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé wọ̀nyẹn ṣì wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń lò wọ́n fún ti yí padà. Ẹni tó bá gba Awólọ́wọ̀ Avenue, tó wá yà sí Ọ̀ṣúntókun, yóò rí i pé ibi tí ìdílé kan ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di báǹkì, òmíràn ti di ilé oúnjẹ, òmíràn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, òmíràn ilé oògùn tàbí ọ́fíìsì lọ́yà. Ìdílé kan lè ní ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Báǹkì ní òṣìṣẹ́ tó ń gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀ tí kò ní gbé e kúrò títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó sì tún ní oníbàárà tí ń wọlé tí ń jáde látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ilé ìwé ní òbí tí ń já ọmọ sílẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró fún ẹnì kejì. Ọgbà tí wọ́n yà fún ọkọ̀ méjì kò lè gba ogún. Èyí tó ṣẹ́kù, orí koríko ni wọ́n ń gbé e sí, orí gọ́tà tí wọ́n fi kọnkéré dé, tàbí iwájú géètì ẹlòmíràn.

Ti àwọn tó kàn ń kọjá tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mọ́níyà tàbí Ọ̀jọ́ọ̀, tó ń lọ sí Sẹkitéríàtì, gbọ́dọ̀ gba iwájú UI àti Àgbowó, kó sì gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà Bódìjà kọjá, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu, ẹ̀wà àti ata láti òkè Ọya wá ti ń du àyè mọ́ takisí míkírà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà lọ́wọ́. Aláàárù á gbé àpò sórí, á wá ọ̀nà láàárín ọkọ̀ méjì. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé ojú ẹ̀, awakọ̀ tó mọ ìlú á wá àbùjá, inú estate ni àbùjá ọ̀hún sì gbà. Bí títì tí wọ́n là fún àwọn olùgbé ṣe di ọ̀nà tí àìmọye ará ìlú ń gbà lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wọnú ara wọn níbí, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó dúró. A máa ń pariwo èyí tó ń rìn nítorí pé òun ló ń fọn fèrè sí wa létí, ṣùgbọ́n Donald Shoup, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní UCLA ní Amẹ́ríkà nígbà ayé rẹ̀, tó kọ ìwé ńlá kan lórí ìgbọ́kọ̀sí lọ́dún 2005, ṣàlàyé pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan a máa lo nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ìdúró. Ó ń gba ilẹ̀ nílé, ó tún ń gba ilẹ̀ mìíràn níbi iṣẹ́, ó sì tún fẹ́ gba òmíràn níwájú ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ nílùú wa, owó ọkọ̀ nìkan ló san. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà máa dúró lé lórí, ará àdúgbò ló ń bá a san án.

Kí ni àwọn olùgbé wá ṣe sí i? Géètì ni wọ́n gbé sí i. Ní estate tó pọ̀ nílùú Ìbàdàn, irin ni wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn géètì kan ń ṣí ní ìdájí, wọ́n á tún tì í lálẹ́. Àwọn mìíràn, láti ọdún tí wọ́n ti fi ágádágodo há a, ẹnikẹ́ni ò rántí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n á gba ọlọ́dẹ, wọ́n á máa dá owó, wọ́n á tẹ ṣítíkà tí onílé àti ayálégbé máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Bódìjà náà ní ẹgbẹ́ olùgbé tirẹ̀, BERA, tó ń jókòó lé ọ̀rọ̀ ààbò àti ìmọ́tótó. Ẹni tí kò bá ní ṣítíkà, ọlọ́dẹ á bi í pé ilé ta ló ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, onílé kọ̀ọ̀kan tún ní ọgbọ́n tirẹ̀ lójú ilé: òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn, táyà àlòkù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ìdajì, ìkòkò òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, pátákó tó ń sọ pé ẹni tó bá páàkì síbẹ̀ yóò bá táyà rẹ̀ nílẹ̀ láìní afẹ́fẹ́.

N kò bá wọn wí. Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ dí géètì rẹ̀ pa láàárọ̀, tó sì fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ rí dókítà ní UCH, kò ráyè ro ti ìlànà ìlú. Àmọ́ ẹ wo ohun tí géètì ń ṣe dáadáa. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín awakọ̀ tó fẹ́ gba àbùjá, òṣìṣẹ́ tó fẹ́ páàkì látàárọ̀ dalẹ́, olè, àti obìnrin tó gbé ẹ̀kọ lérí tó ń kiri. Gbogbo wọn ló dí mọ́ ìta. Ó tún ń kó ọkọ̀ tí ì bá gba títì márùn-ún lọ sórí ẹyọ kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀, àwọn tó ń gbé lórí títì yẹn á sì máa san gbèsè tí wọn ò jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ì bá fẹsẹ̀ rìn ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti ọ̀nà kan sí èkejì á wá máa yí gbogbo àdúgbò po. Ohun tí mo rí ni pé géètì tọ́ sí ọ̀rọ̀ olè lóru. Fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ́sàn-án, irinṣẹ́ tí kò bá iṣẹ́ náà mu ni.

Ìbéèrè òfin kan sì tún wà tí ẹgbẹ́ olùgbé kò lè fi ṣítíkà dáhùn. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: títì àti ojú pópó wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé náà wà níbẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, ló ni Bódìjà. Ẹgbẹ́ olùgbé lè bẹ̀bẹ̀, ó lè gbà wọ́n nímọ̀ràn, ó lè dáwó tún gọ́tà ṣe. Láti sọ pé Lágbájá lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró lójú títì, pé Tàmẹ̀dò kò lẹ́tọ̀ọ́, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Níbi tí ìjọba bá ti ṣíwọ́ nínú rẹ̀, òkúta aláwọ̀ funfun ló ń gba ipò rẹ̀.

Ìlú mìíràn ti la èyí kọjá, ọ̀nà tí wọ́n gbà sì tọ́ sí àyẹ̀wò fínnífínní. Lọ́dún 1958 yẹn kan náà tí Housing Corporation bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n gbé mítà ìgbọ́kọ̀sí àkọ́kọ́ sójú títì ní Mayfair ní London. Mítà mú kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì má lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún odindi ọjọ́, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá títì tí mítà kò sí, ìyẹn títì táwọn èèyàn ń gbé. Láti inú ìyẹn ni àgbègbè ìgbọ́kọ̀sí olùgbé ti jáde. Ará ilé wa tó bá ń gbé ní Peckham tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó: pátákó kan wà ní ẹnu ọ̀nà àgbègbè náà tó sọ wákàtí tí òfin ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi ọ̀dà fa ojú ibi tí ọkọ̀ lè dúró, wọ́n fa ìlà aláwọ̀ ìyeyè síbi tí kò lè dúró.

Bí wọ́n ṣe ń dá irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ará títì ló sábà ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin á wà nítòsí, àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ á gbé ọkọ̀ wọn síwájú ilé onílé, wọ́n á bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di alẹ́. Kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan gbọ́. Wọ́n á rán èèyàn lọ ka ọkọ̀ ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jáde, wọ́n á kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Wọ́n á tún padà wá lọ́sàn-án, wọ́n á tún kà. Ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ní ìdájí, ti olùgbé ni. Èyí tó jẹ́ ọ̀sán nìkan ló dé, àlejò ni. Bí àlejò kò bá pọ̀, a jẹ́ pé àwọn olùgbé fúnra wọn ni ọkọ̀ wọn ti pọ̀ ju títì lọ, ìwé àṣẹ kankan kò sì lè wo ìyẹn sàn. Lẹ́yìn ìkà, kánsù á kọ lẹ́tà sí ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbọ́ tẹnu wọn ní títì sí títì, wọ́n á lẹ ìkéde ìjọba mọ́ òpó iná, wọ́n á gba àtakò, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó fa ìlà.

Ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ á fi hàn pé òun ń gbé níbẹ̀, á fi hàn pé ọkọ̀ náà wà lórúkọ òun ní àdírẹ́sì yẹn, á sanwó ọdún kan. Àlejò rẹ̀ ńkọ́? Onílé á ra káàdì àlejò, ẹ̀gbọ́n tó wá kí i á lò ó lọ́jọ́ náà. Ní kánsù tó pọ̀ lónìí, bébà pàápàá ti kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni òṣìṣẹ́ á tẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ohun kan wá wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo onílé Bódìjà fi sọ́kàn. Ìwé àṣẹ yìí kò fún ẹnikẹ́ni ní iwájú ilé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti wá àyè ní àgbègbè náà ló fúnni, níbikíbi tó bá ṣí sílẹ̀. Bí aládùúgbò rẹ bá ti kọ́kọ́ dé ẹ̀gbẹ́ géètì rẹ, tí kò dí ẹnu ọ̀nà, ó di kí o wá ibòmíràn. Títì ṣì jẹ́ ti gbogbo ayé. Ìjọba kàn tò wọ́n sórí ìlà ni.

Ọgbọ́n kan tún wà tí n kò rí ká lò nílé. Ní àwọn apá London kan, pàápàá lápá Barnet, òfin ìgbọ́kọ̀sí lórí títì kan lè máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré láàárín ọjọ́. Ẹni tó wá kí ọ̀rẹ́, ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe, ẹni tó wá ra nǹkan, gbogbo wọn lè páàkì ṣáájú wákàtí náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nìkan ni wákàtí kan yẹn máa mú. Òfin tó kéré tó báyìí ń ṣe iṣẹ́ tí géètì ńlá kò lè ṣe, ó sì ń ṣe é láìdí ọ̀nà mọ́ aláìlẹ́bi.

Barnet náà ló tún kọ́ gbogbo Bìrìtìkó lẹ́kọ̀ọ́ lórí owó. Lọ́dún 2011, kánsù náà gbé owó ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ fún ìdílé láti £40 lọ sí £100, wọ́n sì gbé káàdì àlejò láti £1 lọ sí £4, torí wọ́n fẹ́ fi owó náà gbọ́ bùkátà títì mìíràn. Olùgbé kan, David Attfield, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Keje 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga dájọ́ pé òfin ìrìnnà ti ọdún 1984 tí wọ́n ń lò kò fún kánsù láyè láti fi ìgbọ́kọ̀sí pa owó. A lè béèrè iye tó máa ná wọn láti bójú tó ètò náà, ká sì fi owó rẹ̀ tún títì ṣe, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di owó orí.

Ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè mìíràn ni wọ́n gbé dé iwájú adájọ́: ṣé ó tọ́ rárá láti yà láàárín olùgbé àti àlejò lórí títì tí owó orí gbogbo èèyàn fi là? Ìjọba Arlington ní Virginia ló fa á. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Crystal City ń páàkì sí Aurora Highlands, àdúgbò ilé gbígbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìjọba bá ṣòfin pé láti aago 8 àárọ̀ dé aago 5 ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè dúró. Wọ́n ń fún olùgbé ní ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń fún ẹni tó bá ní òwò pẹ̀lú wọn nínú ilé wọn, àti àwọn àlejò kan. Àwọn tó ń wá síbi iṣẹ́ lọ pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Virginia dá wọn láre. Ní oṣù Kẹwàá 1977, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ní Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ náà padà: ó ní ìjọba lè fẹ́ dín ariwo, èéfín àti ìdọ̀tí kù níbi táwọn èèyàn ń gbé, kó sì fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀ èrò tàbí kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan, òfin kò sì lòdì sí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Apá yẹn nínú ìdájọ́ náà gbà pé ẹni tí wọ́n lé kúrò lójú títì ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dé ibi iṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n lé ní Aurora Highlands ń ṣiṣẹ́ nítòsí Washington, níbi tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1976. Ta ni àwọn tí a máa lé ní Bódìjà, kí sì ni wọ́n máa wọ̀?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba Abuja kọjá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbìyànjú nǹkan tó jọ ọ́ jù ní Nàìjíríà. Wọ́n fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni níṣẹ́ láti máa gba owó ìgbọ́kọ̀sí lójú títì. Wọ́n ń fi ṣéènì di táyà ẹni tí kò san. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ fagi lé e nítorí pé kò sí òfin kan pàtó tó gbé e ró. Ẹ wo bó ṣe jẹ́: kì í ṣe pé èrò náà burú, ìpìlẹ̀ ni kò ní. Lagos gba ọ̀nà òfin lẹ́yìn náà; òfin ìrìnnà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 ló dá àjọ LASPA sílẹ̀ láti máa bójú tó ìgbọ́kọ̀sí. Bí Ìbàdàn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwé òfin ni kó kọ́kọ́ dé, kí ọ̀dà tó dé, kí ṣéènì tó dé.

Ohun kejì ni mímọ ẹni tó ń gbé ní àdúgbò náà. A ti rí i ní ọ̀nà tó burú jù pé a kò mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kínní 2024, ohun abúgbàù bú gbàmù ní Dejo Oyelese Close ní Old Bódìjà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó, gíláàsì fọ́ ní ibi tó jìnnà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣàlàyé pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń béèrè pé ta ló mọ ẹni tó gba ilé náà. Ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí kò lè dènà irú aburú bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìwé kan náà ni ètò ìgbọ́kọ̀sí àti ètò ààbò ń gbé: nọ́ńbà ilé tó ṣe é gbà gbọ́, orúkọ onílé, orúkọ ayálégbé, tí ìjọba ìbílẹ̀ ń tọ́jú, tí wọ́n sì ń tún ṣe lọ́dọọdún. Ìlú tí kò ní ìwé yìí, ẹni tó bá mọ ọ̀gá ọlọ́dẹ ni ṣítíkà máa bọ́ sí lọ́wọ́.

Wàyí o, àwọn tó ń wá. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń ti Àkóbọ̀ gbé ọkọ̀ wá wà lára wọn, òun náà sì ni gbogbo èèyàn ń rí. Àmọ́ àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹun ní Bódìjà, wọn ò ní ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ páàkì. Obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́nu géètì ilé ìwé, ọmọ ọ̀dọ̀, agbálẹ̀ ọ́fíìsì, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi, aláta tó ń ti Ọ̀rọ̀gún wá sọ́jà ní ìdájí: míkírà ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á sọ̀ lójú ọ̀nà ńlá, wọ́n á fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti ń jẹ apá ńlá nínú owó oṣù wọn, àwọn kan tó ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti gbé e sílé. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gun orí koríko àti orí gọ́tà, àwọn wọ̀nyí ló ń bọ́ sí àárín títì. Nítorí náà, bí a bá ń ṣètò ìgbọ́kọ̀sí, ẹlẹ́sẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gba àyè tirẹ̀, kí á tó wá pín ìyókù láàárín ọlọ́kọ̀.

Fún ẹni tó ní ọkọ̀, tí a fẹ́ kó fi sílé, ohun tó máa wọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é wọ̀. Bọ́ọ̀sì Omi Tuntun ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ibùdókọ̀ tuntun ti wà ní Ọ̀jọ́ọ̀, ní Challenge àti ní Ìwó Road, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sì ti ń já èrò sí Mọ́níyà láti 2021. Nǹkan dáadáa ni gbogbo wọn. Ohun tó kù ni okùn tó máa so wọ́n pọ̀: bọ́ọ̀sì tí èèyàn mọ wákàtí tó máa dé, tó ń gba Ọ̀jọ́ọ̀, UI, Bódìjà dé Sẹkitéríàtì, tí yóò kúrò bí aago rẹ̀ bá lù, yálà ó kún tàbí kò kún. Títí dìgbà tí ìyẹn bá wà, ìwé àṣẹ tí a bá fi lé ọkọ̀ kúrò ní Ọ̀ṣúntókun, Kóńgí tó wà nítòsí ló máa gbé e sí. Àwọn ará Kóńgí náà á wá ra irin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní London nìyẹn títí dòní. Títì tó wà lẹ́yìn ààlà ló ń kọ ẹ̀bẹ̀ tó kàn.

Àwọn kan á ní ká ṣe bíi Japan, níbi tí òfin ọdún 1962 ti sọ pé ẹni tó fẹ́ ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ibi tí yóò máa gbé e sí nítòsí ilé, kí ọlọ́pàá sì fọwọ́ sí i. Ó dára lójú mi gan-an, ṣùgbọ́n fún ilé iṣẹ́ ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ lò ó nílùú yìí. Báǹkì, ilé ìwé tàbí ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ sọ ilé gbígbé di ibi òwò, kó fi àyè ọkọ̀ òṣìṣẹ́ àti ti oníbàárà rẹ̀ hàn nínú ọgbà ara rẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, kó wá ilẹ̀ yá. Kò tọ́, kò sì bójú mu, kí èrè òwò wọlé sápò ẹnì kan kí ìnira rẹ̀ sì dúró síwájú géètì ẹlòmíràn.

Ti ìnáwó wá ńkọ́? Kò sí ètò tó lè dúró ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò bá ní àyè fún ìnáwó. Ìgbéyàwó ń bẹ, ìsìnkú àgbà ń bẹ, ìsọmọlórúkọ ò lópin, àlejò á sì ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èkó wá. A ò lè máa fi ṣéènì di táyà àna ẹni. Káàdì àlejò ló máa yanjú rẹ̀: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní iye kan lọ́dún lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń ṣe ìnáwó ńlá lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n yan títì kan fún ọkọ̀ àlejò lọ́jọ́ náà, kí ẹnu ọ̀nà àwọn tó kù má sì dí. Òpin ọ̀sẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nàkọnà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá lo ọgbọ́n wákàtí kan láàárín ọjọ́ iṣẹ́, òfin náà kò ní kan púpọ̀ nínú ìnáwó.

Owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àpò ńlá kan tí ẹnikẹ́ni ò rí ìdí rẹ̀. Ní Old Pasadena ní California, wọ́n gbé mítà sójú títì lọ́dún 1993, àwọn oníṣòwò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n gbà á nígbà tí ìjọba ṣèlérí pé àdúgbò yẹn gan-an ni wọ́n máa ná owó náà sí, lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, iná àti igi. Ará Ìbàdàn ti san owó tó pọ̀ fún ohun tí kò rí. Bí owó ìwé àṣẹ Ọ̀ṣúntókun bá di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti iná ní Ọ̀ṣúntókun, tí wọ́n lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ pátákó ní ìkòríta, èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni máa nílò ọlọ́pàá kó tó san án.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ kò gba owó rárá. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn àti BERA yan títì mẹ́ta: ọ̀kan tó súnmọ́ báǹkì, ọ̀kan tó súnmọ́ ọjà, ọ̀kan tí àwọn awakọ̀ ń gbà ṣe àbùjá. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ètò ìlú wà ní UI, ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè gbé ìwé àti bírò dání, kí wọ́n ka ọkọ̀ tó sùn síbẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n tún kà á ní aago mọ́kànlá àárọ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú míkírà pé ibo ni wọ́n ti ń bọ̀ àti ohun tí ó ná wọn. Kí wọ́n ka ẹlẹ́sẹ̀ náà, kí wọ́n kọ ibi tí ọkọ̀ ti lé wọn bọ́ sójú títì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n ka àbájáde rẹ̀ ní gbangba ní èdè Yorùbá, níbi tí onílé, ayálégbé, ìyálọ́jà àti àwọn onímíkírà jọ jókòó, kí wọ́n tó ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ irin tàbí ṣítíkà.